Ìwé tí a kò rà lẹ́ẹ̀mejì: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́, fún ẹ̀yin àbúrò wa ní ilé ìkàwé Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ ilé ìkàwé, ohun kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dì mú. Ìwé tí ẹ kò bá rà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kò ní wá pẹpẹ fún un, ẹ kò ní nu eruku lára rẹ̀, ẹ kò sì ní ra epo sí jẹnẹrétọ̀ nítorí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ya ọ̀rọ̀ ìwé pínpín sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ilé ìkàwé tó bá mọ ohun tó wà lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀ ló lè kọ́ ilé níwọ̀n, tí atẹ́gùn yóò máa gbà kọjá, tí iná díẹ̀ yóò sì tó o.

Ẹ wo àyíká Ẹ̀pẹ́ yìí. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ LASU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, wà níbí, LASUED, yunifásítì ìkọ́ni ti Ìpínlẹ̀ Èkó, wà ní Nóforíjà, Augustine University wà ní Ìlárá, Yabatech náà ní ọgbà níbí, ká má tíì ka àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama. Bí mẹ́rin nínú wọn bá ra ìwé ìṣirò kan náà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ń yá lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta, owó ti ṣòfò, àyè náà sì ti ṣòfò. Pẹpẹ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 90 máa ń gba ìwé bí 30 tó bá kún fọ́fọ́. Ẹ má jẹ́ kó kún fọ́fọ́. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ sílẹ̀, kí ìwé tuntun lè wọlé, kí ẹ̀yìn ìwé má baà ya nígbà tí wọ́n bá ń fà á yọ, kí afẹ́fẹ́ sì lè rìn. Ìyẹn ni pé ìwé 22 ló wà lórí pẹpẹ kan, bí 130 sì ni lórí àgbékà mẹ́fà. Bí ilé ìkàwé kan bá ní ìwé 10,000, tí 4,000 nínú rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ aládùúgbò, àwọn 4,000 yìí ń jẹ bí ọgbọ̀n ìdúró pẹpẹ alágbékà mẹ́fà. Pẹ̀lú ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà kọjá láàárín wọn, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yàrá tó gùn ní mítà 5 tó sì fẹ̀ ní mítà 4 àti ààbọ̀. Ẹ ti kọ́ yàrá odindi fún ẹ̀dà nìyẹn.

Láti mọ ohun tó wà lọ́wọ́ oníkálukú, nọ́ńbà ISBN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sára ìwé, ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kí ilé ìkàwé kọ̀ọ̀kan kó nọ́ńbà ìwé rẹ̀ jáde sínú Excel, kẹ́ ẹ sì fi wọ́n wé ara wọn. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ ni pé ìwé tí wọ́n tẹ̀ kí ọdún 2007 tó dé, nọ́ńbà mẹ́wàá ló ní, èyí tó dé lẹ́yìn náà ní mẹ́tàlá. Kọ̀ǹpútà á kà wọ́n sí ìwé méjì. Ẹ yọ nọ́ńbà ìkẹyìn kúrò nínú mẹ́wàá náà, ẹ fi 978 síwájú èyí tó kù, kẹ́ ẹ wá ṣírò nọ́ńbà ìkẹyìn tuntun: ẹ fi 1 àti 3 sọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun tó kù kí àròpọ̀ náà tó pé mẹ́wàá tó kàn ni nọ́ńbà ìkẹyìn. Bí kò bá kù nǹkan kan, òdo ni. Ìwé àtijọ́ tí kò ní ISBN rárá, orúkọ òǹkọ̀wé, àkọlé àti ọdún la fi ń wá a, ojú ènìyàn ló sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́yìn èyí lẹ ó pín ẹ̀kọ́: ta ni yóò máa ra ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ tó jinlẹ̀, ta ni yóò máa ra ti iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹja, ta ni ti ìkọ́ni. Ọgbọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún 1948 sí 1972 àwọn ilé ìkàwé ńlá ní Amẹ́ríkà lo ètò kan tí wọ́n ń pè ní Farmington Plan, tí wọ́n fi pín ìwé tó ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá láàárín ara wọn, kí ó kéré tán ẹ̀dà kan lè wà níbì kan lórílẹ̀-èdè wọn. Àmọ́ ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: ìwé tí igba akẹ́kọ̀ọ́ ń wá lọ́sẹ̀ ìdánwò kò ṣeé pín. Ẹ rà á lọ́pọ̀, ilé ìkàwé kọ̀ọ̀kan ni. Èyí tó ń jókòó pẹ́ lórí pẹpẹ la ń pín. Àwọn tó bá yí i padà ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bú, tí ọ̀gá á sì fagi lé gbogbo ètò náà.

Kátálọ́ọ̀gì kan ṣoṣo ló yẹ kó so gbogbo yín pọ̀. Koha, ètò kọ̀ǹpútà fún kátálọ́ọ̀gì ilé ìkàwé tí wọ́n kọ́kọ́ lò ní New Zealand ní ọdún 2000, ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè gba ilé ìkàwé púpọ̀ sórí sáfà kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà àpapọ̀ tí gbogbo yín ń lò, oníkálukú pẹ̀lú kóòdù ẹ̀ka tirẹ̀ àti òfin ìyáwé tirẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìwé kọ̀ọ̀kan ní àwọn àyè tó ní nọ́ńbà, tí à ń pè ní fíìdì: orúkọ òǹkọ̀wé wà ní fíìdì 100, àkọlé ní 245, kókó ọ̀rọ̀ ní 650. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wà ní 952. Ẹ má ṣe kọ ìwé kan lẹ́ẹ̀mejì sínú rẹ̀. Àkọsílẹ̀ kan ni, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan so 952 tirẹ̀ mọ́ ọn.

Ibi tí Yorùbá ti máa ń dá wa lẹ́kun nínú kátálọ́ọ̀gì ni àmì ohùn. Ẹ mú lẹ́tà ọ́. Ẹnì kan lè tẹ ọ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ kó tó fi àmì òkè lé e. Ẹlòmíràn á tẹ o lásán, á wá fi àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè sí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹnì kẹta tó kọ́ iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ á fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Lójú wa, ọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ lójú kọ̀ǹpútà lẹ́tà mẹ́ta ni, ìwé òǹkọ̀wé kan á sì fọ́n ká sí ọ̀nà mẹ́ta. Ohun tó ń tún un ṣe kò ṣòro: kí gbogbo ẹ̀ka lo kíbọ́ọ̀dù Yorùbá kan náà, kí wọ́n sọ àkọsílẹ̀ di NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ ọ̀nà méjì àkọ́kọ́ yẹn di ọ̀kan, kó tó wọlé, kí ẹni tó ń tọ́jú sáfà yan ICU, ìlànà ìwákiri tó mọ àmì oríṣiríṣi èdè, nínú Zebra, ẹ̀rọ ìwákiri inú Koha, dípò CHR, ìlànà àtijọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí àkọsílẹ̀ fún orúkọ òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ kọ orúkọ náà pẹ̀lú àmì ní fíìdì 100, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ láìsí àmì ní 400. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá tẹ Adebayo lórí fóònù rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí Adébáyọ̀. Ẹ má sì gbàgbé kóòdù èdè, yor, ní fíìdì 041. Òun ni yóò jẹ́ kẹ́ ẹ lè kó gbogbo ìwé Yorùbá àyíká jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìwé ń rìn nínú kórópe, òjò sì ń rọ̀. Báàgì tí omi kò lè wọ̀, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ tí ẹni tó fún un àti ẹni tó gbà á fọwọ́ sí, ìyẹn tó. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ni kẹ́ ẹ yàn, kẹ́ ẹ má yí i padà.

Àdéhùn yín gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé, kí àwọn ọ̀gá fọwọ́ sí i, nítorí ọ̀gá máa ń yí padà. Kó sọ ẹni tó ń san owó ọkọ̀, ẹni tó ń rọ́pò ìwé tó sọnù, iye ọjọ́ ìyáwé, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá fẹ́ jáde. Kó sì sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ẹ̀dà tó kẹ́yìn dànù láì kọ́kọ́ fi lọ àwọn yòókù. Ọ̀rọ̀ aṣínà sáfà kò gbọdọ̀ wà lórí ènìyàn kan ṣoṣo. Ó kéré tán, kí ènìyàn méjì láti ilé ìkàwé méjì mọ̀ ọ́n.

Ní ti ilé, ọ̀tá wa ní etí ọ̀sà ni ọ̀rinrin. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin afẹ́fẹ́, kẹ́ ẹ máa kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣílẹ̀kùn àti nígbà tẹ́ ẹ bá ń tì í. Bó bá ti kọjá ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún tí kò sì wálẹ̀, ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ẹ ó kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà lẹ ó rí nǹkan funfun tàbí aláwọ̀ ewé bí eruku, tó ń gba ẹ̀yìn ìwé jáde níbi tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀ lẹ̀ ẹ́, nítorí lẹ́ẹ̀ náà ló ń jẹ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni kí wọ́n ra éè-sí. Èmi kò sọ pé éè-sí kò dára. Éè-sí tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru láìdúró ń gba ọ̀rinrin kúrò. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́ta tí iná á sì lọ ló ń ba ìwé jẹ́ ju ilé tí kò ní in lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ìwé àti ògiri ti tutù; bí éè-sí ti dúró, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó kún fún omi á wọlé láti ìta, á kan ohun tó tutù, omi á sì dì sí i lára, bó ṣe ń dì sára ìgò omi tútù tẹ́ ẹ bá yọ láti inú fíríìjì. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa lọ lójoojúmọ́. Bí éè-sí náà bá tóbi ju yàrá lọ, ó tún burú: á tutù kíá, á dúró kíá, kò ní pẹ́ tó láti fa omi jáde. Bí ẹ kò bá lè fún un níná láìdúró, ẹ jẹ́ kí ilé fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù. Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ló ń gbóná ògiri jù níhìn-ín, torí náà fèrèsé kò gbọdọ̀ pọ̀ ní ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Ẹ fi fèrèsé kojú ara wọn ní ẹ̀gbẹ́ gígùn méjèèjì, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì ṣe ihò afẹ́fẹ́ lókè nítòsí àjà kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè bá ibẹ̀ jáde. Atẹ́gùn tó ń gbé òjò wá, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ti máa ń fẹ́, nítorí náà kí ìbòrí òrùlé yọ síta tó mítà kan lápá ibẹ̀. Páànù aláwọ̀ funfun ló dára jù. Lábẹ́ ilẹ̀, ẹ tẹ́ nọ́ọ̀lọ́ọ̀nù tó nípọn kẹ́ ẹ tó da kọnkéré, nítorí omi sún mọ́ òkè ní etí ọ̀sà, kẹ́ ẹ sì fi oògùn ikán sí ilẹ̀ náà kí ẹ tó bò ó. Pẹpẹ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ògiri ìta ní sẹ̀ǹtímítà 10, kí àgbékà ìsàlẹ̀ sì ga kúrò nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ lè rí ọ̀nà ikán kó tó dé ìdí ìwé. Ẹ má fi nọ́ọ̀lọ́ọ̀nù di ìwé. Ọ̀rinrin inú rẹ̀ kò ní ríbi jáde.

Bí ìwé kan bá ti bu, ẹ wọ ìbòmú, ẹ gbé e kúrò láàárín àwọn yòókù, ẹ jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ òjìji níbi tí atẹ́gùn ti ń gbà kọjá, kẹ́ ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n níta. Oòrùn kò dára fún un, àkísà tútù sì burú jùyẹn lọ.

Sólà ń bọ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, kì í ṣe ṣáájú. Gílóòbù LED mẹ́wàá tó jẹ́ wáàtì 15, fáànù mẹ́rin tó jẹ́ 70, láptọ́ọ̀pù mẹ́rin tó jẹ́ 60, fún wákàtí mẹ́fà, pẹ̀lú ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì wáàtì 15 tó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di àárọ̀: wáàtì-wákàtí bí 4,400 ni lójúmọ́. Oòrùn tó múná tó wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, a sì ń pàdánù bí ìdá mẹ́rin kan nínú wáyà, ooru àti ínfátà. Ẹ fi mẹ́ta pín 4,400, pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 1,500 nìyẹn. Ẹ gbìyànjú irú ìṣirò yìí pẹ̀lú éè-sí méjì, ẹ ó rí bí owó bátìrì ṣe máa ń gorí ara wọn.

Àyè tí ẹ bá ti rí gbà padà, mo ní ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kó sí i, ọkàn mi sì wà níbẹ̀. Ìwé ìṣirò ẹnikẹ́ni lè rà á ní Yábàá. Ìwé pẹlẹbẹ ọdún Káyòkáyò, tí àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ fi ń rántí ìgbà tí Kòsọ́kọ́ dé síbí ní 1851, ìwé àjọ̀dún ìjọ, ìtàn ìdílé tí ẹbí kan tẹ̀ fún ìsìnkú bàbá wọn: kò sí ilé ìkàwé mìíràn tí yóò tọ́jú ìwọ̀nyí bí ẹ̀yin kò bá ṣe é. Wọn kò ní ISBN, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì dé National Library, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ní kí olùtẹ̀wé kó ẹ̀dà mẹ́ta síbẹ̀. Ẹ pín wọn láàárín ara yín bẹ́ ẹ ṣe pín ẹ̀kọ́. Ẹ gba ẹ̀dà méjì, kí wọ́n wà ní ilé ìkàwé méjì tí òjò tàbí iná kan kò lè bá pa pọ̀. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹbí tàbí ìjọ kẹ́ ẹ tó ya àwòrán rẹ̀. Dpi 300, ìyẹn iye àmì inú ínṣì kan, tó fún ìwé títẹ̀, 400 fún ìwé àfọwọ́kọ. Ojú ìwé A4 kan tó ní oríṣiríṣi àwọ̀, ní dpi 300, jẹ́ bí MB 26 ní TIFF, irú fáìlì àwòrán tí kò pàdánù nǹkan kan, nítorí náà ìwé pẹlẹbẹ ojú ewé 40 á gba GB kan. Ẹ tọ́jú TIFF sí hádì díìsìkì méjì, ọ̀kan ní ẹ̀ka mìíràn, ẹ̀kẹta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ fi PDF fún àwọn òǹkàwé. Àwọn tó ń tẹ̀wé nílùú lẹ ó kọ́kọ́ lọ bá. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé bí ìwé ayẹyẹ bá ti jáde, kí wọ́n gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà méjì pamọ́ fún yín, kẹ́ ẹ sì máa lọ kó o lọ́jọ́ tí kórópe yín bá ń kọjá.