Ètè Mi Nìkan Ló Ń Mì

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín lórúkọ Jésù. Mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí Ọlọ́run bá gbọ́ mi, n kò ní fi í pamọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ lónìí. Ẹ bá mi dúpẹ́, torí ọpẹ́ yìí pọ̀ ju ẹnu mi lọ.

Oyún mi wọ ọ̀sẹ̀ 28 nígbà tí ẹ̀jẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Mo kọ́kọ́ rò pé àárẹ̀ lásán ni. Orí ń fọ́ mi, ojú ń ṣú mi, ẹsẹ̀ mi wú débi pé bàtà kò gbà á mọ́. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, dókítà wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́, ó sì pe ọkọ mi jáde. Wọ́n ní òògùn lè tẹ irú ẹ̀jẹ̀ ríru aboyún bẹ́ẹ̀ rì fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè lọ àfi kí ọmọ àti ibi ọmọ jáde. Bí a bá dúró, èmi àti ọmọ lè bá a lọ. Bí a kò bá dúró, ọmọ yóò wáyé ní ọ̀sẹ̀ 28 dípò 40.

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ pé mo lóyún ni mo ti ń gbé ọwọ́ lé ikùn láràárọ̀, tí mo ń sọ pé, "Baba, jẹ́ kí ó pé oṣù." Kò pé. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí nígbà tí a bá ń jẹ́rìí, a máa ń sáré fo ibi tí àdúrà ti dà bí ẹni pé ó bọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbé mi lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, kì í ṣe ìgbàgbọ́ ló kún ọkàn mi. Ìbéèrè ni: Baba, ṣé Ò ń gbọ́ mi rárá?

Obìnrin ni wọ́n gbé jáde. Kò ké. Ó wúwo ju kìlógíráàmù kan lọ díẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kò sì fẹ̀ ju orí àtàǹpàkò mi lọ. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tíì gbó, ni wọ́n bá gbé e sínú àpótí dígí olóoru tí wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ nímú. Ọjọ́ kẹta ni mo tó fojú kàn án.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ pariwo, torí ariwo máa ń dẹ́rù ba irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Èmi tó jẹ́ pé ohùn òkè àti àtẹ́wọ́ ni mo fi ń gbàdúrà! Mo ti ọwọ́ bọ ihò ara dígí náà, mo fi ìka kan kàn án lẹ́sẹ̀, mo lanu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ètè mi nìkan ló ń mì.

Bí Hánà ṣe wá sí mi lọ́kàn nìyẹn. Ẹ rántí Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní orí 1, bí ó ṣe ń gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀, tí ètè rẹ̀ ń mì tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀, tí Élì àlùfáà sì rò pé ó ti mutí yó. Mo ti ka ibẹ̀ láìmọye ìgbà. Ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé àlùfáà gan-an, tó jókòó tó ń wo ẹnu rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ ló gbọ́. Mo rántí ọba Hesekáyà pẹ̀lú, tó kọjú sí ògiri tó ń sunkún nígbà tí wòlíì wá sọ fún un pé yóò kú. Wòlíì náà kò tíì jáde kúrò nínú àgbàlá tí Ọlọ́run fi dá a padà láti lọ sọ fún un pé òun gbọ́ àdúrà rẹ̀, òun sì rí omijé rẹ̀. Ọdún 15 ni Ó fi kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Omijé náà wọ inú ìṣirò! Mo di èyí mú bí ẹni tó rì sómi ṣe ń di igi mú.

N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé máa ń gbàgbé láti mí. Ọpọlọ rẹ̀ kò tíì dàgbà tó láti máa rán an létí. Lóru ọjọ́ kọkànlá, mo jókòó tì í, mò ń wo àyà rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò, ni ó bá dúró. Ètè rẹ̀ ń dúdú lọ. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Noọ́sì kan tó ti kọ ẹ̀yìn sí wa látọjọ́ pípẹ́, tó ń kọ nǹkan sínú ìwé, tó jẹ́ pé mo ti ń bínú sí i lọ́kàn mi pé kò kà wá sí, dìde. Kò tilẹ̀ sáré. Ó ti ọwọ́ bọ inú dígí, ó fi ìka ta àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà, pẹ́, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ọmọ mi ta pútú, ó mí.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Ọmọ," ó ní. "Bí mo bá kọ ẹ̀yìn sí yín náà, mò ń gbọ́."

Mo bú sẹ́kún. Kò mọ ohun tó sọ fún mi lóru ọjọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, ó wù kó le. Arábìnrin kan wà tí ọmọkùnrin rẹ̀ wà nínú dígí tó tẹ̀ lé tiwa. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń ka Sáàmù sọ́mọ létí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ju tèmi lọ fíìfíì. Ọmọ rẹ̀ kò bá a délé. Bí mo bá dúró níbí tí mo ní Ọlọ́run gbọ́ tèmi, kò gbọ́ tirẹ̀, irọ́ ni mo pa mọ́ Ọlọ́run. Nínú ọgbà Gẹtisémánì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Jésù gba àdúrà kan náà, pé kí ife ìyà ré Òun kọjá, ife yẹn kò sì ré E kọjá. Síbẹ̀ Hébérù orí 5 sọ pé a gbọ́ Ọ. N kò lè tú u tán fún yín. Mo kàn mọ̀ pé Baba tó gbọ́ Ọmọ Rẹ̀ nínú ọgbà gbọ́ arábìnrin mi yìí. Ó wá bẹ̀ wá wò nígbà tí a délé. Ó gba ọmọ mi mọ́ àyà, ó pẹ́ gan-an kó tó dá a padà fún mi, ètè rẹ̀ sì ń mì.

Ọjọ́ 61 la lò níbẹ̀. Ẹ̀yin dókítà àti noọ́sì, ẹ̀yin tí ẹ gbààwẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ jí lóru nígbà tí ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu èmi àti ọkọ mi, Olúwa kò ní gbàgbé yín.

Ọmọ náà ti pé ọdún kan àti oṣù mẹ́rin báyìí. Ó ti ń rìn. Lálẹ́, bó bá sùn, mo ṣì máa ń ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ tó fi bora, màá fi ìka ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀. Á fa ẹsẹ̀ náà padà, á kùn, á tún máa sùn lọ. Baba, mo dúpẹ́.