Pápá Bàálù Mẹ́sàn-án Di Méjì: Àyẹ̀wò Ọdún Mi

Ní oṣù kìíní ọdún yìí, mo kọ orúkọ pápá bàálù mẹ́sàn-án sínú ìwé kékeré kan, gbogbo wọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, níbi tí àwọn bàálù ajubọ́ǹbù ti máa ń gbéra lọ sí Jámánì lóru nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Mo pinnu pé kí ọdún tó yí po, n ó ti fẹsẹ̀ tẹ mẹ́fà nínú wọn, ó kéré tán. Ọdún ti ń lọ sópin, n kò tíì dé ẹyọ kan, síbẹ̀ n kò ka ọdún náà sí òfo.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ ni pé ibi tí gbogbo ayé ń lọ ni mo fi ṣáájú. Scampton ló wà lókè pátápátá, nítorí ibẹ̀ ni bàálù ajubọ́ǹbù Lancaster 19 ti gbéra lálẹ́ ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 1943 láti lọ fọ́ àwọn ìsédò ńlá Jámánì, tí mẹ́jọ nínú wọn kò sì padà. Ìtàn ńlá ni, ṣùgbọ́n bí mo ti kà á tó, n kò rí ibi tí ó ti kàn mí.

Oṣù kẹrin ni mo ṣe kòńgẹ́ orúkọ Akin Shenbanjo, mo sì tún un kà lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ Nàìjíríà ni, òun ló ń mójú tó ẹ̀rọ wáyálẹ́ẹ̀sì nínú bàálù Halifax kan ní 76 Squadron, ẹgbẹ́ tó kó lọ sí Holme-on-Spalding Moor ní Yorkshire lọ́dún 1943. Tìtorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ “Achtung! The Black Prince” sí imú bàálù náà, ìyẹn ni pé kí àwọn ará Jámánì ṣọ́ra, Ọmọba Dúdú ń bọ̀. Àwàdà tó bá ń tọ́ka sí àwọ̀ ara kì í sábà pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn méje tí wọ́n jọ ń wọnú irin kan náà lóru, tí wọn kò mọ̀ bóyá àwọn yóò padà, lẹ́tọ̀ọ́ láti bá ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Kí ogun tó dé, àwọn tí ìran wọn ti Yúróòpù wá nìkan ni òfin gbà láyè láti di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù kẹwàá ọdún 1939 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ṣílẹ̀kùn fún àwọn yòókù.

Bí mo ṣe fa ìlà lórí méje nìyẹn. Ó ku Holme, ó ku Elvington lẹ́bàá York, nítorí pé Halifax kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀. Ṣe ni wọ́n to bàálù ọ̀hún jọ: ìyẹ́ rẹ̀ wá láti ara bàálù mìíràn, apá kan nínú àgọ́ ara rẹ̀ sì ti di ilé adìyẹ ní erékùṣù Lewis ní Scotland kí wọ́n tó lọ gbé e.

Nínú oṣù kẹjọ, mo gba ìsinmi, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ ojú irin kò sì rìn lọ́jọ́ náà. Kí owó tó padà, òrùlé ti ń jò, òun ló sì gba owó náà. Mo wá jókòó ti àwòrán ilẹ̀ lórí tábìlì ìdáná, mo ń fi okùn bàtà wọn ọ̀nà láti York dé Holme, ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ilé iṣẹ́ àti oko ló gba ibẹ̀ báyìí, àti pé mo gbọ́dọ̀ tọrọ àyè kí n tó wọ ibi tó pọ̀ níbẹ̀. Ìyàwó mi wo okùn náà títí, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ṣé koríko lẹ fẹ́ náwó lọ wò?” N kò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi tí mo ti gba Ìkẹjà kọjá láìmọye ìgbà, tí n kò béèrè rí pé ogun yẹn náà ló bí pápá ibẹ̀, kí ni n bá sọ?

Lẹ́tà ìtọrọàyè ti lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì ti bèèrè ìsinmi fún oṣù karùn-ún. Ìyá Ìbejì ní òun náà yóò bá mi lọ, ṣùgbọ́n Elvington ni kí a kọ́kọ́ yà, kí òun fojú ara òun rí ilé adìyẹ tó padà di bàálù.