Ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí ẹ tó mú bàálù: ẹ̀kọ́ lórí ọjọ́ mẹ́ta ní Róòmù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń bá àwọn ènìyàn ṣètò ìrìn-àjò, láàárín oṣù yìí nìkan, ètò mẹ́ta ló dé orí tábìlì mi tí wọ́n fi Musíọ́mù Vatican sí ọjọ́ Àìkú. Ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kọ wọ́n, kò sì sí èyí tó béèrè nínú wọn bóyá ibẹ̀ máa ń ṣí lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń wá bàálù tó rọjú tàbí òtẹ́ẹ̀lì tó mọ́. Ẹ ti mọ ìyẹn.

Èkíní, físà. Fún ẹni tó mú páásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà dání, físà Schengen ni, físà kan náà tí Ítálì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, 90 yúrò fún àgbàlagbà láti oṣù kẹfà ọdún 2024. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò, ẹ má sì jẹ́ kó ku ọjọ́ 15. Ìwé ìbánigbófò gbọ́dọ̀ lè san owó ìwòsàn tó tó 30,000 yúrò, ó kéré tán. Bó bá jẹ́ físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ni, ẹni tó bá ti Róòmù lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kò lè fi padà wọ Ítálì mọ́. Wọ́n máa ń béèrè bóyá Vatican, tó jẹ́ orílẹ̀-èdè tirẹ̀, máa jẹ ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan yẹn. Kò ní jẹ ẹ́. Láàárín ìgboro Róòmù àti gbàgede Pétérù Mímọ́, kò sí ẹni tó ń yẹ páásípọ́ọ̀tì wò. Ẹsẹ̀ lásán lèèyàn fi ń rìn kọjá.

Èkejì, ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú. Láti Fiumicino, reluwé Leonardo Express máa gbé wọn dé Termini, ibùdókọ̀ reluwé ńlá ìgboro Róòmù, láàárín ìṣẹ́jú 32, owó rẹ̀ jẹ́ 14 yúrò. Reluwé FL1 jẹ́ 8 yúrò, ṣùgbọ́n kò dé Termini rárá: Trastevere, Ostiense àti Tiburtina ló ń gbà. Nítorí náà, ibi tí òtẹ́ẹ̀lì wà ni kí ẹ wò, kì í ṣe iye tó dín. Yúrò mẹ́fà tí ẹ bá ṣẹ́ kù máa di ẹrù fífà àti àkàbà gígùn fún àgbàlagbà. Tíkẹ́ẹ̀tì FL1 oníwèé gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀rọ tó ń lù ú lóǹtẹ̀ kí wọ́n tó wọlé; ẹni tó bá gbàgbé máa san ìtanràn, àlejò ni o, onílé ni o. Nínú ìgboro, tíkẹ́ẹ̀tì 1.50 yúrò ń ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 100. Ẹ lè fi wọ bọ́ọ̀sì bó ṣe wù yín láàárín àkókò yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ lè fi wọ reluwé abẹ́ ilẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọjọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni mo ń bọ̀. Musíọ́mù Vatican máa ń wà ní títì ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, àfi èyí tó kẹ́yìn oṣù. Ọ̀fẹ́ ni ọjọ́ yẹn, ẹni tó máa wọlé kẹ́yìn gbọ́dọ̀ ti wọlé ní aago 12:30, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn ní aago méjì. Borghese, ilé tí wọ́n ń kó àwòrán àti ère sí, kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé. Ní àwọn ọjọ́ tó kù, ẹni tí kò bá gba àyè sílẹ̀ ṣáájú kò ní wọlé, wákàtí méjì sì ni wọ́n ń fún èèyàn kí wọ́n tó ní kí gbogbo wọn jáde. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù, ọ̀fẹ́ ni Colosseum, gbọ̀ngàn ìṣeré àtijọ́ àwọn ará Róòmù, èrò á sì wọ́ débẹ̀ bí ọjọ́ ọdún. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, bí Póòpù bá wà nílé, ó máa ń pàdé àwọn èrò ní gbàgede, Básílíkà Pétérù Mímọ́ kì í sì í gba àlejò títí di ọ̀sán. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án. San Pietro in Vincoli, níbi tí ère Mósè tí Michelangelo gbẹ́ wà, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Lọ́jọ́ kejì oṣù kẹfà, tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún Ítálì, àwọn ọmọ ogun máa ń yan ní òpópónà iwájú Colosseum, wọ́n á sì dí ọ̀nà.

Ó yẹ kí n lọ sí ẹ̀kẹrin báyìí, ṣùgbọ́n bí mo bá tò ó báyìí tán, ẹ máa kà á, ẹ máa ní ó dáa, ẹ ó sì tún padà lọ fi Vatican sí ọjọ́ Àìkú. Ẹ jẹ́ kí n fi ètò kan hàn yín, kí ẹ rí bó ṣe ń bàjẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ yín ló ṣe é. Ọkùnrin kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ mú ìyá rẹ̀ lọ sí Róòmù. Ìyá ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ọ̀tún ń yọ ọ́ lẹ́nu, ìjọ Kátólíìkì ni wọ́n sì bí i sí. Kàlẹ́ńdà ìjọ kan wà ní pálọ̀ wọn n'Íbàdàn tí ọdún rẹ̀ ti kọjá tipẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ yọ kúrò lára ògiri nítorí àwòrán orí rẹ̀: ọwọ́ Ọlọ́run àti ọwọ́ Ádámù, ìka méjì tó ku díẹ̀ kí wọ́n kanra. Ìyá ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí ìka méjì yẹn, lórí àjà Sistine, ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà nínú Musíọ́mù Vatican. Kò béèrè ohun mìíràn.

Ètò náà lọ báyìí: kí wọ́n dé ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Àbámẹ́ta, Colosseum, Àìkú, Vatican, Ajé, Borghese, kí wọ́n tó wọ bàálù ìrọ̀lẹ́. Lórí ìwé, ó dùn-ún wò. Ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù ni ọjọ́ Àìkú náà bọ́ sí.

Àbámẹ́ta lọ dáadáa, mo sì gbọ́dọ̀ yin ẹni tó ṣe é fún ìyẹn. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì Colosseum lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, ìyẹn ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú, ó sì kọ orúkọ bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tì gẹ́lẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì olórúkọ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ "Bukky" sí i nígbà tí páásípọ́ọ̀tì ń pè é ní Olubukola ti dá wàhálà sílẹ̀ fún ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n wọ reluwé abẹ́ ilẹ̀ ìlà A láti Termini dé Ottaviano, wọ́n sì rìn dé Viale Vaticano níbi tí ẹnu ọ̀nà musíọ́mù wà. Kò sí èrò. Ọmọ rò pé àwọn ló tètè dé. Ògiri bíríkì gíga nìyẹn, ilẹ̀kùn ńlá wà lára rẹ̀ ní títì pa. Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì ti ọ̀pá rẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn náà, ó ní, "Ṣé a pẹ́ ni?"

Ìyá àti ọmọ ní kí àwọn kúkú lọ sí básílíkà. Ẹnu ọ̀nà musíọ́mù àti gbàgede Pétérù Mímọ́ kì í ṣe ibì kan náà. Èèyàn gbọ́dọ̀ rìn yí ògiri náà ká, bí ìṣẹ́jú 15 fún ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ti ìyá ju ìyẹn lọ dáadáa. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ọ̀sán ti ń sún mọ́, aago méjìlá sì ni Póòpù máa ń yọjú lójú fèrèsé lọ́jọ́ Àìkú láti gbàdúrà pẹ̀lú èrò. Gbàgede kún. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò sílẹ̀ níbẹ̀ kò tẹ́jú, kò sí ìjókòó, ìlà àyẹ̀wò ẹ̀ṣọ́ sì gùn. Nígbà tí wọ́n fi máa wọlé, ìyá ti rẹ̀ débi pé ó kàn jókòó ni, kò rìn dé iwájú.

Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ sáré wá tíkẹ́ẹ̀tì Vatican, ó ti tán. Ọjọ́ Ajé máa ń kún, torí pé gbogbo ẹni tí ilẹ̀kùn tì mọ́ lọ́jọ́ Àìkú ló ń padà bọ̀. Àwọn tó ń dá èèyàn dúró ní Ottaviano ní tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n pè kì í ṣe owó, wákàtí tí wọ́n sì ní ti bọ́ sí ìgbà bàálù. Borghese tó kù nínú ètò, títì ni òun náà. Físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ni ti ìyá, kò lè fi padà wá mọ́. Wọ́n dá owó iṣẹ́ padà fún wọn. Títí di òní, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Ẹni tó ṣe ètò yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ó kà á níbì kan pé ọ̀fẹ́ ni Vatican lọ́jọ́ Àìkú, ó sì fo "tó kẹ́yìn oṣù." Ibi tó ti burú jù nìyí: nítorí ó gbà pé ọ̀fẹ́ ni, kò lọ síbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ká ní ó dé ibẹ̀ ni, kàlẹ́ńdà títà náà ìbá ti fi hàn án pé ọjọ́ yẹn kò ní àyè kankan. Ti Borghese, ó ní òun máa gbà á tó bá yá. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá rà ló ń bá yín yẹ ọjọ́ wò. Ibi tí ẹ kò ti ra nǹkan kan, kò sí ohun tó máa dá yín dúró. Gbogbo ohun tí ẹ bá kọ "ọ̀fẹ́" sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ lọ ka ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ lójú ìkànnì ibẹ̀ gan-an, lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan bàálù, ẹ bi oníbàárà yín pé kí ni ohun kan ṣoṣo tí kò gbọ́dọ̀ padà wálé láì rí. Ẹ fa ìlà ọjọ́ wọn sórí ìwé, ẹ kọ́kọ́ kọ àwọn ilẹ̀kùn tó máa wà ní títì. Ẹ fi ohun kan ṣoṣo yẹn sí àárọ̀ tí wọ́n bá kọ́kọ́ jí níbẹ̀, kó lè ní ọjọ́ mìíràn tó máa gbà á bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá bàálù.

Ọjọ́ mẹ́ta kan náà tí ìyá yẹn lò ìbá tó. Àbámẹ́ta, Vatican ní aago mẹ́jọ àárọ̀: tíkẹ́ẹ̀tì máa ń ṣí ní 60 ọjọ́ ṣáájú, 20 yúrò, àti 5 yúrò lórí rẹ̀ fún gbígbà á sílẹ̀. Takisí ni kí wọ́n wọ̀, kí ó já wọn sí Viale Vaticano, kì í ṣe gbàgede. Wọ́n ń yáni ní àga oníkẹ̀kẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀, wọ́n á kàn gba ìwé ìdánimọ̀ dání. Ìró àti bùbá bo èjìká àti orúnkún bó ṣe yẹ, kò sí ẹ̀ṣọ́ tó máa dá a padà. Àìkú, Borghese láàárọ̀, Pantheon, tẹ́ńpìlì àtijọ́ tó ti di ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́sàn-án. Ajé, kí wọ́n fi ẹrù pamọ́ sí Termini, torí Colosseum kì í gba àpótí ẹrù wọlé, kí wọ́n lọ síbẹ̀, kí wọ́n padà wá wọ reluwé.

Sistine ló kù. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ ni wọ́n á gbà wọlé, ògiri tí wọ́n ya àwòrán Ìdájọ́ Ìkẹyìn sí á sì wà lẹ́yìn wọn. Wọn kò gbọ́dọ̀ ya fọ́tò. Ìjókòó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri méjèèjì, ó sì máa ń kún, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ètò fún ọmọ tó mú ìyá rẹ̀ wá pé kí ó dúró de ẹni tó bá dìde, kí ìyá jókòó, kí ó fẹ̀yìn ti ògiri. Kí wọ́n wá máa ka àwọn àwòrán àárín àjà láti ọ̀dọ̀ pẹpẹ wá: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ẹ̀kẹrin ni ìka méjì náà.