Ìwọ̀n dúró sójú kan

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), alẹ́ Ọjọ́bọ̀

Kílò 91. Ohun tí ìwọ̀n famasí sọ láàárọ̀ yìí nìyẹn, ohun náà ló sì ti ń sọ láti ìgbà tí ọyẹ́ ti lọ. Mo sọ̀kalẹ̀, mo bọ́ bàtà, mo tú gèlè, mo tún gun orí rẹ̀. 91. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ ti mọ̀ mí, ó ní, "Tántì, ẹ kú ìforítì o," ó sì yíjú sí ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Inú mi bàjẹ́ títí mo fi dé àtẹlíè tí mo ti ń ránṣọ. Àwọn ọmọṣẹ́ mi rí i lójú mi, kò sẹ́ni tó tan rédíò títí ọ̀sán fi pọ́n.

Kílò 96 ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Tánsíọ̀n, ẹ̀jẹ̀ ríru, ló lé mi débẹ̀. Dókítà ní kí n máa lo oògùn, kí n dín iyọ̀ àti òróró kù, kí n sì máa rìn. Mo gbọ́, mo sì ń ṣe é. Búrẹ́dì àti àkàrà àárọ̀ ti kúrò lẹ́nu mi. Àkàsà tí mo máa ń jẹ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ti di ọ̀kan, ẹ̀fọ́ àti ẹja ló ń kún àwo mi, ṣúgà kò sì wọ inú ògì mi mọ́. Tí mo bá ti kírun àsùbáà tán, mo ti bọ́ sójú ọ̀nà. Mo máa ń gba ìhà ọjà ńlá, mo máa ń kọjá níwájú Mọ́ṣáláṣí Ńlá tí àwọn Àgùdà, ìran àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà dé, kọ́ tó fi jọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Bàhíà ní Brazil, títí màá fi rí omi ọ̀sà kí n tó yí padà. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ tó kìlómítà 5. Àwọn ọlọ́kọ̀ zẹ́mì, alùpùpù akérò, ò yéé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: "Tántì, ẹ gòkè ká lọ!" Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà pé mi ò níbi tí mò ń lọ. Ní báyìí, wọ́n kàn ń kí mi ni.

Kílò márùn-ún ló kọ́kọ́ lọ, wọ́ọ́rọ́wọ́, inú mi sì ń dùn. Lẹ́yìn náà ló dúró. Oúnjẹ kò pọ̀ sí i, ìrìn kò dín, kílò kọ̀ kò lọ.

Ohun tó ń dùn mí ju kílò lọ ni ohun tí ènìyàn ń sọ sí i. Ní ọjọ́ kan tí mo lọ wọn tánsíọ̀n, nọ́ọ̀sì kan wo káàdì mi, ó sì sọ̀rọ̀ sókè níwájú gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀ pé, "Màmá, òru lẹ ti ń jẹun. Ẹ kàn ń fi pamọ́ fún wa ni." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo ti ní ọmọ tó dàgbà jù ú lọ. Mi ò fèsì, mo gba káàdì mi mo sì jáde. Ṣùgbọ́n èsì wà nínú mi láti ọjọ́ náà, ibí ni mo sì fẹ́ kọ ọ́ sí.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ránṣọ fún àwọn obìnrin ìlú yìí. Gbogbo ìwé ìwọ̀n mi ni mo tọ́jú sínú àpótí kan: orúkọ, àyà, ìbàdí, ìdí, gígùn aṣọ, àti oṣù tí mo wọn ẹni náà. Lónìí, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo gbé wọn jáde mo sì ń ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ìyàwó tó febi pa ara rẹ̀ nítorí ìgbéyàwó: ìbàdí rẹ̀ di sẹ̀ǹtímítà 84 lóṣù tí wọ́n ṣe ìnáwó, ó sì wà ní 97 nígbà tó wá dá aṣọ ìkómọ kejì, iye tó ti wà kí gbogbo rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo àwọn tó ń rù nínú oṣù àwẹ̀. Aṣọ ìtúnu wọn a máa kéré, ṣùgbọ́n kí Iléyá tó dé wọ́n á ti gbé e padà wá pé kí n bá wọn tú u fẹ̀ díẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń ru ẹrù lọ sí ọjà Wándó láti kékeré. Ọ̀kan ń jí lóru láti ro àkàsà lórí iná igi, apá rẹ̀ le ju apá ọkùnrin lọ. Àwọn obìnrin tí mo mọ̀ nìyí, mo mọ iṣẹ́ wọn, mo mọ ilé wọn. Ṣé gbogbo wọn náà ló ń jẹun lóru ni? Ṣé ọ̀lẹ ni gbogbo wọn?

Èmi kì í gé àyè ìrán kúrò lára aṣọ ẹnikẹ́ni. Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀: fi ìka méjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí wọ́n á padà wá. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀gàn.

Ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé àwọn onímọ̀ ti wọn ohun tí ìwé mi ń fi hàn, lọ́nà tiwọn. Ní 2016, Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ ìròyìn nípa ènìyàn 14 tó ti kópa nínú ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n kan, níbi tí wọ́n ti ń fi eré ìdárayá tó le àti oúnjẹ díẹ̀ bá ara jà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ kílò ló kúrò lára wọn nígbà náà. Ọdún 6 lẹ́yìn rẹ̀, púpọ̀ nínú kílò náà ti padà. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé bí kílò ṣe padà tó un, agbára tí ara wọn ń ná bí wọ́n bá jókòó jẹ́ẹ́ kò padà. Ó fi bí 500 kálórì lójúmọ́ dín sí ohun tó yẹ kí ara tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ máa ná. Ara ń ṣe bí ìyá ilé tí owó ọbẹ̀ rẹ̀ dín: kì í pariwo, á kàn máa ṣẹ́ ẹran kéékèèké títí oṣù á fi parí.

Ebi náà ń lé kún un. Ọ̀rá ní ohun kan tó fi ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ, leptin lorúkọ rẹ̀. Jeffrey Friedman àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní New York ló rí orírun rẹ̀ ní 1994. Bí ọ̀rá bá ti dín, ìránṣẹ́ náà á dín, ọpọlọ á sì gbà pé ìyàn ti mú. Mo mọ ebi yẹn. Kì í ṣe ebi ẹnu tó ń wá adùn. Ó máa ń jí mi ní aago mẹ́ta òru, màá mu omi, màá sì padà sùn. Ìyẹn ni nọ́ọ̀sì yẹn ń pè ní oúnjẹ òru.

Ọ̀rọ̀ ìrìn ló ṣòro fún mi jù láti gbà. Mo rò pé bí ẹsẹ̀ bá ti ń rìn, ara ní láti yọ́. Ọmọ mi ní kí n wo àwọn Hadza ní Tànsáníà, àwọn ọdẹ tí wọ́n ń rìn nínú igbó lójoojúmọ́ láti wá ẹran, oyin àti iṣu igbó. Ní 2012, Herman Pontzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí wọn jáde: bí a bá fi títóbi ara ṣírò, agbára tí àwọn Hadza ń ná lójúmọ́ kò ju ti àwọn ará ìlú Amẹ́ríkà tó ń jókòó lọ. Wọ́n rò pé ara a máa dín ìnáwó kù níbòmíràn láti fi san owó ìrìn.

Èmi náà wá ṣírò tèmi. Kìlómítà 5 fún ara tó tó tèmi á ná bí 300 sí 400 kálórì. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan tí òróró kún jẹ́ bí 120. Ṣíbí mẹ́ta péré ti gba gbogbo ìrìn náà, láti ilé títí dé ọ̀sà àti àbọ̀. Ta ló sì ń wọn òróró sínú ọbẹ̀ nílùú yìí? A máa ń dà á ni. Ọbẹ̀ tí òróró kò bá léfòó lórí rẹ̀, ọbẹ̀ aláìsàn là ń pè é. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dín in kù, Bàbá àwọn ọmọ ṣí ìkòkò, ó wò ó, ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ṣé owó ò tó ni?" Mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tánsíọ̀n fún un pátápátá, mo sì rán an létí pé àrùn rọpárọsẹ̀ ló pa bàbá tirẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n máa sè é bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wa. Oore ńlá ló ṣe mí, nítorí obìnrin tó ń dá ìkòkò tirẹ̀ sè lọ́tọ̀ nínú ilé kì í pẹ́ kó tó rẹ̀ ẹ́.

Mo fẹ́ sọ nípa àwọn tó ń tajà káàkiri náà, nítorí àwọn ọmọge tó ń wá sọ́dọ̀ mi ń kó owó fún wọn. Lórí tábìlì kan náà lọ́jà, ẹ ó rí tíì tí wọ́n ní ó ń yọ ikùn, ẹ ó sì rí hóró oògùn tí wọ́n ní ó ń mú ìdí tóbi. Púpọ̀ nínú irú tíì bẹ́ẹ̀, ewé séná ló wà níbẹ̀, tí í máa ń mú kí inú ṣí. Omi ló ń lọ, ọ̀rá kò kúrò. Hóró oògùn kejì sì sábà máa ń jẹ́ cyproheptadine, tí wọ́n ṣe fún ara yíyún àti àwọn àìsàn bẹ́ẹ̀. Ó ń mú kí ebi pa ènìyàn, ó sì ń kun ènìyàn lóorun. Ọmọ ọdún méjìdínlógún kan sùn lórí àga àtẹlíè mi bí mo ṣe ń wọn ọ́n lọ́wọ́. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bó bá ṣẹlẹ̀ lọ́la, màá tún sọ.

(Àwọn kan sì ti lọ bá àbúrò mi pé, "Kí ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n yín? Ó ti rù." Wọ́n rò pé àìsàn ni. Ọ̀nà méjèèjì ni ọ̀rọ̀ ń gbà bọ̀.)

Mo ti pa ìwé ìwọ̀n dé kí n tó rántí pé mi ò tíì wọn ara mi. Mẹ́tà, okùn tí mo fi ń wọn gbogbo ayé, ọrùn mi ló ń wà láti àárọ̀ di alẹ́. Ọmọ mi ti fi ibi tí wọ́n ń wọn sí hàn mí, nítorí ó yàtọ̀ sí ibi tí àwa télọ̀ ń wọn. Àwa ń wọn ibi tí ìró ń dì sí. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wá egungun ìhà tó kẹ́yìn nísàlẹ̀, wọ́n ń wá orí egungun ìbàdí, wọ́n á sì gba agbedeméjì wọn, lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti mí síta wọ́ọ́rọ́wọ́. Fún obìnrin, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ewu ọkàn àti ti ṣúgà ń pọ̀ sí i bó bá ti ju sẹ̀ǹtímítà 80 lọ, ó sì pọ̀ gan-an bó bá kọjá 88. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo wà ní 108. Nígbà tí kílò kọ́kọ́ dúró sí 91, mo wà ní 104. Lálẹ́ yìí, 101 ni.

Mo wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. 101. Kílò kò lọ, ṣùgbọ́n ikùn ń lọ. Ìrìn ń ṣe iṣẹ́ kan níbi tí ìwọ̀n famasí kò lè rí. Tánsíọ̀n tó wà ní 16 lórí 10 (ìyẹn 160 lórí 100) ti di 13 lórí 8. Mo mọ̀ pé oògùn wà níbẹ̀, mi ò sì ní dá a dúró. Dókítà ní kílò márùn-ún tó lọ yẹn nìkan, tó jẹ́ bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ti tó láti mú kí tánsíọ̀n àti ṣúgà rọ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ lára mi, kí wọ́n wo iṣẹ́ ẹṣẹ́ ọrùn mi, èyí tí wọ́n ń pè ní thyroid, nítorí bí kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa ó lè mú kí ara wúwo. Ó tún béèrè nípa abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí mò ń gbà, torí pé ó máa ń mú kí àwọn obìnrin kan sanra. Ó béèrè láìpariwo, ó sì kọ èsì mi sílẹ̀. Bí gbogbo wọn bá lè máa ṣe bẹ́ẹ̀!

Àǹkárá ìkómọ àbúrò mi ṣì wà lórí pẹpẹ láìgé. Mo ti ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí màá di kílò 80. Ìkómọ náà ti kù sí dẹ̀dẹ̀, gbogbo ẹbí ló sì ti rán tiwọn. Lọ́la ni màá gé e, ní ìwọ̀n tí mo ní lọ́la, pẹ̀lú ìka méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọmọṣẹ́ mi àgbà ni yóò wọn mí, nítorí ọwọ́ mi ò tó ẹ̀yìn.