Bí ọmọ ajá bá ń gbọ̀n, ẹ wo àwọn òbí rẹ̀

Ẹnikẹ́ni tó bá ń sin ajá fún títà nílẹ̀ wa yóò ti gbọ́ ọ rí: "Gìrì ló mú un." Ọmọ ajá kan á máa gbọ̀n, orí rẹ̀ á máa mì, kò ní lè dúró, kí ẹ tó ṣẹ́jú, ẹnìkan ti gbé àgbo dé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sin ajá n'Íbàdàn. Alsatian ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kó tó di pé Malinois, ẹ̀yà ajá mìíràn, ni àwọn oníbàárà ń béèrè. Ohun tí àwọn ọmọ Malinois kan kọ́ mi ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ẹ̀rù tí kò nídìí kúrò. Ọmọ ajá tuntun máa ń ta lójú oorun: ẹsẹ̀ á ta, etí á gbọ̀n, ètè á máa mì. Kò sí àrùn níbẹ̀, iṣan ara rẹ̀ ló ń dàgbà. Kódà, èyí tí kì í ta rárá lójú oorun ni èmi máa ń lọ wò lẹ́ẹ̀kejì. Gbígbọ̀n tó yẹ kó kọ yín lóminú ni èyí tó ń bá a lójú ayé, tó ń le sí i bó ṣe ń wá ọmú, tó sì ń dáwọ́ dúró nígbà tó bá sùn.

Bí ọmọ tuntun bá rọ̀, ẹ má tíì dárúkọ àrùn ìdílé. Òtútù àti ebi ló ń pa púpọ̀ nínú wọn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ ajá kò lè gbọ̀n kí ara rẹ̀ fi móoru bí àgbà ajá ṣe ń ṣe. Ooru ìyá rẹ̀ àti èyí tí ẹ bá fún un nìkan ló ní. Ẹ mú un móoru kí ẹ tó fún un ní wàrà, nítorí ikùn tó tutù kì í da oúnjẹ. Tí iná bá lọ, ìgò omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí a fi aṣọ wé dáadáa tó. Kí ẹ sì máa wọn ìwúwo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láràárọ̀: ọmọ tó ń ṣe dáadáa máa ń di ìlọ́po méjì bí wọ́n ṣe bí i láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Èyí tí kò bá lé, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lọ́jọ́ náà, torí kòkòrò àrùn àti ìbímọ tó pẹ́ lójú ọ̀nà náà lè ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní àgbo gìrì. Èyí tí wọ́n fi ewé tábà, àlùbọ́sà àti ìtọ̀ màlúù ṣe ti ba ọmọ ènìyàn gan-an jẹ́: ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ọmọ tó ń gbọ̀n á wá dákú pátápátá. Àlùbọ́sà nìkan ti jẹ́ májèlé fún ajá. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú kí màmá ilé gbé e wá. Mo máa ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n kì í dé ẹnu ọmọ ajá mi.

Àwọn ọmọ Malinois tí mo ní wọ́n kọ́ mi lọ́gbọ́n yẹn kò fi nǹkan kan hàn nígbà tí wọ́n bí wọn. Wọ́n mu ọmú, wọ́n sanra, ojú wọn là. Ìgbà tí àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ni méjì nínú wọn ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n. Wọ́n á ya ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, wọ́n á fẹ́ yí padà, wọ́n á ṣubú. Bí wọ́n bá tẹrí sínú àwo oúnjẹ, orí á máa mì. Ebi ń pa wọ́n, eré ń wù wọ́n, ẹsẹ̀ ni kò gbọ́. Ó dùn mí gan-an.

Dókítà ẹran tó wò wọ́n ṣàlàyé fún mi pé apá kan wà lẹ́yìn ọpọlọ tó ń ṣètò ìrìn àti ìdúró. Ọmọ tó ṣì ń fi àyà wọ́ kò tíì fi í ṣe nǹkan púpọ̀, ìdí nìyẹn tí àbùkù ibẹ̀ fi ń pamọ́ títí di àkókò ìrìn. Nínú Malinois, àrùn yìí ti ní orúkọ: spongy degeneration with cerebellar ataxia (SDCA). Lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ kan, tí àwọn ará Yunifásítì Bern ní Switzerland wà lára wọn, tẹ àbájáde jáde nípa jíìnì (ohun àbínibí tí ọmọ ń jogún lára òbí) méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, KCNJ10 àti ATP1B2. Àbùkù nínú èyíkéyìí nínú wọn lè mú kí ihò wẹ́wẹ́ lu inú ọpọlọ ọmọ ajá. Oògùn kò sí. Irú rẹ̀ wà nínú àwọn ẹ̀yà mìíràn pẹ̀lú. Nínú Poodle ńlá, èyí tí wọ́n tọpasẹ̀ dé jíìnì ATF2 lọ́dún 2008 máa ń hàn láti ọjọ́ ìbí: ọmọ á rọ̀, á kéré sí àwọn tí wọ́n jọ bí, wárápá á wá bẹ̀rẹ̀, kì í sì í sábà kọjá ọ̀sẹ̀ 7.

Ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù kò ṣàjèjì sí wa: AS kò gbọdọ̀ fẹ́ AS. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí. Bàbá le, ìyá le, kò sí ohun tó ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ló gbé ẹyọ kan àbùkù náà. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bí, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé á ṣàìsàn. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa kì í wò nìyí: nínú àwọn tí ara wọn le, ó ṣeé ṣe kí méjì nínú mẹ́ta máa gbé e kiri. Ọmọ tó ń ṣubú kò ní gun abo kankan. Arákùnrin rẹ̀ tó rẹwà ni ẹnìkan máa rà, tí yóò máa gun abo láti Èkó dé Ìlọrin. Ẹ tún wo ìwé ìran àwọn ajá wa. Akọ tí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun kò pọ̀, nítorí náà bàbá àgbà kan náà lè jókòó lọ́tùn-ún àti lósì.

Mo pe gbogbo àwọn tó ti san owó sílẹ̀ lórí àwọn ọmọ yòókù, mo sì sọ fún wọn. Àwọn kan gba owó wọn padà. Àwọn kan mú ajá fún ilé ṣíṣọ́ nìkan, a sì jọ fẹnu kò pé wọn yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Ẹni tó ni akọ tó bí àwọn ọmọ náà sọ pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí ajá òun rí, ó sì lè jẹ́ òótọ́: bí abo bá mọ́, ìyẹn ni pé kò gbé àbùkù náà rárá, kò sí ọmọ tí àìsàn náà máa hàn lára rẹ̀, ìdajì wọn á kàn máa gbé e ni. Torí ìyẹn, mi ò sọ pé kí ẹ lé ajá tó dáa dànù. Ẹ jẹ́ kó bá kìkì èyí tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó mọ́ bímọ, kí ẹ sì yẹ àwọn ọmọ wò kí wọ́n tó di òbí.

Òwú tí a fi ra inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ajá ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò nílẹ̀ òkèèrè. Ẹ béèrè bóyá jíìnì méjèèjì ni wọ́n máa yẹ̀ wò, nítorí mímọ́ nínú ọ̀kan kò sọ nǹkan kan nípa èkejì. Bó bá jẹ́ ọmọ tó ṣì ń mu ọmú, ẹ yà á sọ́tọ̀ díẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kí ẹ tó fi òwú ra inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí ohun tó wá láti ara ìyá má baà dà pọ̀ mọ́ tirẹ̀.

Bí ó bá sì di pé dókítà ní kí a jẹ́ kó sinmi, ẹ jẹ́ kó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pamọ́ fún àyẹ̀wò kó tó fún un lábẹ́rẹ́ ìkẹyìn. Tí wọ́n bá máa yẹ ọpọlọ wò, inú fíríjì ni kí òkú rẹ̀ wà títí wọ́n á fi dé, kì í ṣe inú fírísà, torí yìnyín máa ń ba ohun tí wọ́n fẹ́ rí jẹ́.