Ọmọ Tó Ń Fi Ṣíìfù Dádì Rẹ̀ Ka Ọjọ́

Bí ẹ bá bi ọmọ mi pé ọjọ́ wo la wà, kò ní sọ pé Ọjọ́rú. "Ọ̀la ni Dádì ń bọ̀" lẹ máa gbọ́, tàbí "Dádì ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni." Fort McMurray là ń gbé, lápá àríwá Alberta ní Kánádà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkọ mi ń lò ní káńpù àwọn òṣìṣẹ́ epo lókè lọ́hùn-ún, kó tó wá lo ọ̀sẹ̀ kan nílé.

Ìyá mi gbà pé à ń jayé orí epo. Epo ibí yìí ò tiẹ̀ ṣàn bíi ti Niger Delta. Iyanrìn ló lẹ̀ mọ́. Katakata ni wọ́n fi ń wà á, omi gbígbóná ni wọ́n fi ń fọ epo kúrò lára rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kó àwọn ọmọ lọ wò ó, ọmọ mi na ìka sí mi nímú: "Mọ́mì, ẹ gbóòórùn ẹ̀, bí ọ̀dà títì!" Bàbá rẹ̀, ọmọ Òndó, ní irú ẹ̀ wà nílẹ̀ ní Agbabu látọjọ́ aláyé.

Òtútù ńkọ́? Ó ti mọ́ wọn lára. Bó bá le jù, inú kíláàsì ni wọ́n ti ń ṣeré. Oṣù kẹfà ló ń yọ mí lẹ́nu: aago mẹ́wàá alẹ́, oòrùn ò tíì wọ̀, ta ló fẹ́ lọ sùn?

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ló ń dùn mí, torí owó epo ló ń pinnu ẹni tó máa dúró níbí. Láàárín 2014, àgbá epo kan ju 100 dọ́là Amẹ́ríkà lọ; nígbà tí 2016 fi bẹ̀rẹ̀, kò tó 30 mọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn ni iná igbó tún lé èèyàn tó ju 80,000 jáde nílùú. A ò tíì dé nígbà náà, ṣùgbọ́n bí ìlú ṣe rí nìyẹn: èèyàn ń wọlé, èèyàn ń jáde. Ọmọ kan wà láti Newfoundland, lápá ìlà oòrùn Kánádà, tí òun àti ọmọ mi kì í ya ara wọn. Kọ́ńtíráàtì bàbá rẹ̀ parí, wọ́n kó ẹrù lọ láàárín táàmù. Ọmọ mi ò sunkún. Ó kàn yọ orúkọ ẹ̀ kúrò nínú àwọn tó fẹ́ pè síbi ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Ní báyìí, kó tó bá ọmọ tuntun ṣeré, ó ti máa bi í: "Bàbá ẹ máa pẹ́ níbí?" Mi ò bá a wí, torí ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n lánàá, orí oúnjẹ, èmi ló bi nípa tiwa, bẹ́ẹ̀ oṣù kẹwàá ni kọ́ńtíráàtì Dádì ẹ̀ máa parí.