Ẹ Ka Ẹ̀yìn Ẹ̀rọ Kí Ẹ Tó Mú Sukurudíráfà

Ọmọ iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ gbà ṣe fírídọ̀mù lóṣù tó kọjá. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọmọ kan ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tiwa ki wáyà ańpílífáyà tòkunbọ̀ kan bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó dún gbàù, èéfín gba gbogbo ibẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì fọ́ ọ létí. Ohun tí ọmọ yẹn ṣe, mo ti ń rí i kí wọ́n tó bí i, wọn ò sì ṣíwọ́. Òun ló jẹ́ kí n kọ èyí sí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ rédíònìkì lọ́wọ́, ní Alábà o, ní Ìbàdàn o, níbikíbi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ orin ṣe. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń di tẹ́sítà mú, ẹ sì mọ bí sódà ṣe ń yọ́. Mi ò ní kọ́ yín nìyẹn.

Ìkíní, ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ iná sí kò fara sin: lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà ti wọlé ni, tàbí nísàlẹ̀. Tí ẹ bá rí 100-240V, 50/60Hz, kí ọkàn yín balẹ̀, ẹ lè kì í bọ iná NẸ́PÀ bó ṣe wà. Ṣájà fóònù àti ti kọ̀ǹpútà alágbèéká fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀ tán, ohun tó sì ń tan oníbàárà jẹ nìyẹn. Á ní, “Ṣájà tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà ń ṣiṣẹ́ nílé mi, kí ló dé tí ańpílífáyà ò ní ṣiṣẹ́?” Ańpílífáyà tí wọ́n kọ 120V nìkan sí, tiransífọ́mà onírin tó wúwo ló máa ń wà nínú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá iná tuntun lò. Ẹ fún un ní 240, èyí tó ń jáde lápá kejì á di ìlọ́po méjì, kapásítọ̀ á wú, á bẹ́. Àwọn mìíràn ní bọ́tìnì kékeré lẹ́yìn tí a fi ń yàn láàárín 120 àti 240. Ẹ wá a dáadáa kí ẹ tó sọ pé kò sí.

Ìkejì, fíúsì. Bébà dídán inú páálí sìgá kì í ṣe fíúsì. Tí wọ́n bá kọ 3A, 3A ni. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkẹta ni mo torí ẹ̀ jókòó.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, bàbá kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú gbé giramafóònù wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ọmọ wọn tó wà ní Houston l'Amẹ́ríkà ló rà á fún wọn, torí èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ti kú, rẹ́kọ́ọ̀dù sì kún àpótí wọn: Haruna Ìṣọ̀lá, Àyìnlá Ọmọwúrà, Yusuf Ọlátúnjí. Ọmọ náà gbọ́n. Ó ra step-down mọ́ ọn, ìyẹn àpótí tó ń sọ iná 240 wa di 120, nítorí 120V ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ ń yí, abẹ́rẹ́ ń mú, ohùn ń jáde. Ṣùgbọ́n orin ń fà. Haruna ń kọrin bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun, ohùn rẹ̀ wọlẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ò yá mọ́. Tí wọ́n bá sì yí i kúrò lórí 33 sí 45, ìyára rẹ̀ kejì, orin á tún sáré kọjá bó ṣe yẹ. Bàbá ní, “Ẹ bá mi wo ohun tó ń ṣe é. Haruna tí mo mọ̀ kọ́ nìyí.”

Èmi ni ọ̀gá mi ní kí n nu eruku ara rẹ̀. Bí mo ṣe ń nù ún ni mo ka ẹ̀yìn rẹ̀: AC 120V, 60Hz. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni 60Hz yìí? Ara fáànù wa yìí, 50 ni wọ́n kọ síbẹ̀.” Wọ́n ní step-down ti gbọ́ gbogbo ìyẹn. Wọ́n ní kí n lọ ra omi tútù wá.

Ìgbà tí mo fi ra omi dé, wọ́n ti tú u.

Wọ́n kọ́kọ́ ní bẹ́líìtì ló fẹ̀. Wọ́n rán mi lọ Alábà, mo ra tuntun, orin ṣì ń fà. Wọ́n ní mọ́tọ̀ kékeré inú rẹ̀ ló gan, wọ́n kán òróró maṣíìnì ìránṣọ sí i. Ó ń fà. Wọ́n ní step-down náà ló kéré, wọ́n gbowó lọ́wọ́ bàbá, wọ́n ra èyí tó tóbi ju ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lọ. Ó ń fà. Wọ́n wá wo púlì, irin kékeré orí mọ́tọ̀ tí bẹ́líìtì ń gùn, wọ́n ní ó ń yọ̀, wọ́n mú sáńpépà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Mo dúró tì wọ́n, mo di tọ́ọ̀ṣì mú fún wọn. Ẹ ronú sí i, ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́: púlì tí wọ́n bá ha yóò tín-ín-rín sí i, púlì tó bá sì tín-ín-rín sí i, ńṣe ni yóò tún mú kí àwo rọra yí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n tò ó padà, Haruna fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sùn.

Kò tán síbẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń gbé apá rẹ̀ sókè sódò, ọ̀kan já nínú wáyà mẹ́rin tín-ín-rín tó lọ sí kátírìǹjì, orí tí abẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀. Funfun, búlúù, pupa àti gírínì ni wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì rọra tín-ín-rín bí irun ni. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé kí a fa ẹnu wáyà kúrò lára kátírìǹjì ná, kí a fi sódà kàn án níta, kí a tó dá a padà. Ọ̀gá mi gbé áyọ̀nù sódà gbígbóná lé ara kátírìǹjì bẹ́ẹ̀. Ooru wọ inú, ó kú, sìpíkà apá kan dákẹ́ pátápátá.

Bàbá dé lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀gá mi nawọ́ sí mi. “Bàbá, ẹ má bínú, ọmọ iṣẹ́ mi yìí ló bà á jẹ́. Mo ti bá a wí.”

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ohun tí mi ò ṣe. Bàbá ò bú mi. Wọ́n ní kí n dìde, wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn, wọ́n lọ. Owó kátírìǹjì ni wọ́n yọ lára owó oúnjẹ mi, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ náà sún fírídọ̀mù mi di ẹ̀yìn ọdún tuntun. Ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàgbé. Mo dárí jì wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan. Nígbà tí mo délé, mo gbà á padà.

Ìgbà tí mo lọ sí pólì ni mo tó mọ ohun tí mo béèrè lọ́jọ́ yẹn. Iná tó ń wọlé wa máa ń lọ, ó máa ń bọ̀ nínú wáyà, kì í ṣe ti kí NẸ́PÀ mú un lọ. Iye ìgbà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni Hertz, orúkọ Heinrich Hertz ará Jámánì ni wọ́n fi pè é. Láti nǹkan bí 1891 ni ilé iṣẹ́ Westinghouse ti mú 60 l'Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ AEG ní Jámánì mú 50, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà fara mọ́ 50 nígbà tó yá, 50 náà là ń lò ní Nàìjíríà. Step-down ń dín fólítì, ìyẹn V tí wọ́n ń kọ sẹ́yìn ẹ̀rọ, kù, kì í fọwọ́ kan Hertz rárá. 60 kọ́ ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, 50 tó wọlé náà ló ń jáde. Mọ́tọ̀ inú ọ̀pọ̀ giramafóònù àtijọ́ sì rèé, Hertz ló ń tẹ̀ lé, kì í tẹ̀ lé fólítì. Ibi tó ti yẹ kí àwo yí ní ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan, kò ní pé 28. Orin tó yẹ kó gba 20 ìṣẹ́jú á gba 24. Tí ẹ bá yí i sí 45, 37 àbọ̀ ló máa yí, ó sì ti pọ̀ jù fún àwo 33. Ìdí tí bàbá fi ń gbọ́ ọ bó ṣe ń gbọ́ ọ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ aago rédíò àtijọ́ tí wọ́n ń kó ti Amẹ́ríkà bọ̀ náà ń ṣe irú rẹ̀, á máa fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì máa bú bátìrì.

Ìtọ́jú rẹ̀ ò le. Púlì tó sanra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni: bí ìwọ̀n ìbú rẹ̀ bá jẹ́ mìlímítà 10, ẹ lọ bá tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, kó ṣe 12 fún yín, kó sì rántí pé ibi tí bẹ́líìtì ń gùn fún 33 yàtọ̀ sí ti 45. Àwọn kan lára àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà láyé ọjọ́un tiẹ̀ ń ṣe púlì oríṣi méjì, fún 50 àti fún 60. Púlì kan ṣoṣo ni bàbá nílò, òun sì ni wọ́n fi sáńpépà ha. Gbogbo giramafóònù kọ́ ló ní wàhálà yìí o. Technics SL-1200MK2 tó jáde ní 1979 kò lo bẹ́líìtì, kúọ́tísì, irú èyí tó ń wà nínú aago ọwọ́, ló ń ṣọ́ ìyára rẹ̀, kò kàn án bóyá 50 ni tàbí 60. Fólítì rẹ̀ lẹ ó máa wò.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pa òwe yìí ní ṣọ́ọ̀bù wa, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gba ọmọ iṣẹ́, tí ọmọ bá béèrè nǹkan tí ẹ ò mọ̀, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀, kò ní kí ṣọ́ọ̀bù yín wó. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn ẹ̀rọ àti inú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Fóònù wà lọ́wọ́ yín. Kò sí lọ́wọ́ tèmi nígbà yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n bá nawọ́ sí yín, ẹ ó rí nǹkan fi hàn.

Tí wọ́n bá gbé giramafóònù tó ń fà wá, ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ etí pẹpẹ tí àwo ń jókòó lé, ẹ tan aago fóònù yín, ẹ ka iye ìgbà tí bébà náà kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan. Tó bá lé díẹ̀ ní 33, ara rẹ̀ le, ẹ wo ibòmíràn. Tó bá jẹ́ nǹkan bí 28, ẹ má tú nǹkan kan, ẹ gba owó àyẹ̀wò yín, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n púlì sílẹ̀ fún tọ́nà. Oníbàárà kan bá mi jà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní mi ò tú ẹ̀rọ òun, kí ni mo ń gbowó lé lórí? Mo júwe ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi fún un. Wọn kì í gbowó àyẹ̀wò níbẹ̀.